Òkè Lẹ̀ Ń Wò, Ẹ Ò Wo Ìsàlẹ̀

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn awakọ̀, àwọn fítà àti àwọn ọlọ́kọ̀ ní Sagnarigu àti káàkiri agbègbè Tamale ní àríwá Gánà, pé iná diff-lock tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ fóò-wíìlì, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bí iná náà bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, wọ́n á ní kí ẹ fi í sílẹ̀, ọkọ̀ ṣáà ń rìn. Bí ó bá tàn tí kò kú mọ́, wọ́n á yọ gílóòbù rẹ̀. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá wá fárígá pé òun fẹ́ rí iná òun, wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, wọ́n á so wáyà méjèèjì pọ̀, iná á tàn, ọ̀gá á sanwó, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn: "Iná ló bà jẹ́, ọkọ̀ ò bà jẹ́."

Mo ta ko èrò yìí látòkè délẹ̀. Ó léwu, owó tó sì ń jẹ lẹ́yìn ọ̀la pọ̀ ju èyí tí wọ́n rò pé àwọn fi pa mọ́ lónìí. Súìṣì kékeré tó ń tan iná yẹn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí awakọ̀ ní lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin tí ojú rẹ̀ kò tó. Ẹni tó pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́ kò tíì yanjú ẹjọ́. Ẹni tó sì kọ́ ẹlẹ́rìí ní irọ́ pípa, tirẹ̀ tún burú jù.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí táyà òde ń rìn máa ń gùn ju ti táyà inú lọ. Bí àlàfo àárín táyà òsì àti ọ̀tún bá jẹ́ mítà kan àtààbọ̀, tí ọkọ̀ sì yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà òde á ti fi mítà mẹ́sàn-án àti díẹ̀ rìn ju ti inú lọ. Differential ni irin tó ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe: ó ń pín agbára fún apá méjèèjì, ó sì ń gba ọ̀kan láyè kó yára ju èkejì lọ. Àmọ́ níbi tí oore rẹ̀ wà náà ni àléébù rẹ̀ wà. Bí táyà kan bá kó sínú ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, ìyẹn á máa yí lófo, àwọn yòókù kò ní rí agbára tó tó gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Iṣẹ́ diff-lock ni láti ti differential náà pa, kí apá méjèèjì máa yí bákan náà, tipátipá.

Lórí ọ̀pọ̀ Land Rover, láti ìgbà tí One Ten ti jáde ní 1983 títí dé àwọn tí a wá ń pè ní Defender, agbára ń lọ síwájú àti sẹ́yìn nígbà gbogbo, differential kan sì wà láàárín méjèèjì nínú transfer box, àpótí irin tó ń pín agbára náà. Òun ni ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ gíà ń tì pa. Ọ̀pọ̀ Land Cruiser náà ní irú rẹ̀, àwọn mìíràn sì tún ní òmíràn lẹ́yìn, nínú áàsù táyà. Níbi gbogbo tí diff-lock bá wà, ìlànà rẹ̀ kò yí padà: inú ẹrẹ̀, yanrìn tàbí òkúta ni kí ẹ ti lò ó, bí ẹ bá ti gun orí ọ̀dà, ẹ tú u.

Ìlànà yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà kan Sagnarigu gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú tí wọ́n yọ kúrò lára Tamale ní 2012 kó lè ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ yìí, ojú ọ̀dà àti ilẹ̀ pupa pàdé níbẹ̀. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ti àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ àti ti àwọn àjọ aláàánú ń ti ibí lọ sí àwọn abúlé. Àsìkò òjò kan ṣoṣo ni ọdún ní ní àríwá Gánà, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, ó sì máa ń rọ̀ kíkankíkan. Àgbègbè kan wà lọ́hùn-ún, ní ìhà odò White Volta, tí àwọn ará àríwá fúnra wọn ń pè ní "Overseas", nítorí pé bí odò bá kún, omi á gé e kúrò lára ilẹ̀ yòókù. Awakọ̀ tó bá ń lọ sí irú ibẹ̀ á kúrò lórí ọ̀dà láàárọ̀, á wọ ẹrẹ̀ lọ́sàn-án, á tún gun ọ̀dà padà wálé nírọ̀lẹ́. Nínú ìrìn ọjọ́ kan, ó ní láti ti diff-lock pa, kó sì tún tú u. Ta ni yóò sọ fún un pé ó ti tú lóòótọ́?

Ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Ohun tí àwọn alátakò mi kò kà sí nìyí. Súìṣì diff-lock kì í wo ọ̀pá tí awakọ̀ dì mú. Ara transfer box ni wọ́n ti dè é mọ́, irin tó ń ti eyín bọ inú eyín nínú lọ́hùn-ún ló sì ń fọwọ́ kàn. Awakọ̀ lè fa ọ̀pá tán, kí eyín má tíì bọ́ sí ojú ara wọn. Ó lè dá ọ̀pá padà, kí eyín ṣì wà ní dídì. Okùn irin tàbí ìdè tó so ọ̀pá mọ́ àpótí lè ti dípẹtà, nítorí pé láti ọdún tó kọjá kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá á lọ, irin inú kò ní lọ. Nínú gbogbo èyí, iná ló ń sọ òtítọ́, ọ̀pá ló ń tanni.

Bí diff-lock bá wá wà ní dídì lórí ọ̀dà gbígbẹ ńkọ́? Ní gbogbo ìyànà, táyà iwájú fẹ́ rìn ju ti ẹ̀yìn lọ, irin kò gbà fún un, ọ̀dà náà kò sì gba táyà láyè kó yọ̀. Agbára tí kò ríbi gbà yìí á máa lọ́ àwọn ṣáàfù mọ́ra. Táyà á jẹ, ìdarí ọkọ̀ á wúwo, bó bá sì pẹ́, ohun tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn ló máa kọ́kọ́ já: ṣáàfù áàsù, oríkèé táyà iwájú, tàbí eyín inú àpótí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní iná lásán ló bà jẹ́ kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dá sójú ọ̀nà Savelugu.

Mo ti gbọ́ àwíjàre wọn, mo sì fẹ́ dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà inú wọn á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé iná ni àwọn bàbá wa ń wò?" Wọ́n á rán wa létí àwọn Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí tí wọ́n ti ń ná ọjà Tamale tipẹ́tipẹ́, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́rì Bedford ni wọ́n ń wọ̀, àwọn àti ẹrù wọn, wọ́n sì ń dé ibi tí wọ́n ń lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́rì akérò ìgbà yẹn, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Kò ní differential àárín, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tì pa, kò sì sí ohun tí iná fẹ́ jẹ́rìí sí. Ẹ kò lè fi ọkọ̀ tí kò ní àìsàn kan sọ pé oògùn àìsàn náà kò wúlò. Land Rover Series pàápàá, tí ó ní fóò-wíìlì tirẹ̀, kò ṣe é láìsí àmì: ọ̀pá olórí yẹ́lò wà níbẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, fóò-wíìlì wọlé, bí ẹ bá tú u, á ta padà sókè. Ojú awakọ̀ ń rí i. Àwọn bàbá wa wo àmì tí ọkọ̀ wọn ní. Àwa ni a ń yọ ti ọkọ̀ wa dànù.

Àwíjàre kejì ni ti awakọ̀ tó gbójú lé ara rẹ̀: "Ọwọ́ mi máa mọ̀ ọ́n. Bí diff-lock bá wà ní dídì, ọkọ̀ á wúwo láti yà." Lórí ọ̀dà, nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ ọwọ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ ńkọ́? Táyà á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, wàhálà inú irin á máa tú, ọwọ́ kò ní mọ nǹkan kan. Lójú ọ̀nà gbọọrọ, ọwọ́ kò ní mọ nǹkan kan. Bí ó bá sì wúwo lóòótọ́, ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí pọ́ǹpù ìdarí tó ti ń kú? Nígbà tí ọwọ́ bá fi máa mọ̀ dájú, irin ti ń jìyà tipẹ́.

Àwíjàre kẹta ló jọ òótọ́ jù, mi ò sì ní fojú di í. Wọ́n ní súìṣì kò sí nítòsí. Abossey Okai tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ wà ní Accra, ó lé ní 600 kìlómítà sí Tamale. Suame Magazine ní Kumasi pàápàá, ìrìn ọjọ́ kan ni. Ọlọ́kọ̀ kò lè jókòó máa retí súìṣì, ni wọ́n wí, ìdí nìyẹn tí àwọn fi so wáyà pọ̀.

Èsì mi ni pé: ta ló sọ fún yín pé súìṣì ló bà jẹ́? Ẹ kò wò ó. Àmúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Jíjìnnà tí ọjà jìnnà gan-an ló yẹ kó mú ká wádìí kí a tó ránṣẹ́. Ìwádìí náà kò sì le.

Lórí Land Rover tí iná rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà nínú, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ẹ má ta ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ wáyà méjèèjì kúrò lórí súìṣì, ẹ fi ẹnu wọn kan ara wọn. Bí iná diff-lock kò bá tàn, súìṣì kò mọwọ́ mẹsẹ̀: gílóòbù ló ti jó, tàbí fíùsì, tàbí wáyà kan ti gé, tàbí ibi tí wáyà ti di bọ́dì ọkọ̀ mú ti dípẹtà. Bí iná bá tàn, a jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà lókè dára, ìsàlẹ̀ ni ká máa lọ. Ẹ kíyè sí i: ohun tí àwọn tí mò ń bá jiyàn ń ṣe, tí wọ́n sì ń gbowó lé lórí, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwádìí lásán ni. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti palẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ fi mítà sí ojú méjèèjì súìṣì náà. Bí diff-lock bá wà ní dídì, mítà yẹ kó sún mọ́ òdo ọ́ọ̀mù; bí ó bá tú, kó má rí ọ̀nà kankan. Bí kò bá rí ọ̀nà nígbà méjèèjì, ẹ tú súìṣì jáde, ẹ fi ìka tẹ orí rẹ̀. Bí mítà bá dáhùn sí ìka yín, súìṣì wà láàyè. Ohun tó ṣe é ni pé ohunkóhun kò kàn án lára níbi tó wà: bóyá nọ́ọ̀tì tó dì í mú ti tú tí ó sì ti sún sẹ́yìn, tàbí kí diff-lock fúnra rẹ̀ má wọlé rárá. Àfi tí mítà kò bá dáhùn sí ìka nìkan ni ẹ tó lè fẹnu kan Accra.

Ìgbésẹ̀ kẹta ló máa ń ya àwọn tó gbọ́n sọ́tọ̀, torí pé irin ni ó ń bi léèrè, kì í ṣe iná. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú àti ẹ̀yìn níwá lẹ́yìn dáadáa. Lórí irú àwọn Land Rover yìí, búrẹ́kì ọwọ́ kì í di táyà mú. Ṣáàfù tó jáde lẹ́yìn transfer box ló ń dì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tú u kí ìdánwò yìí tó ṣeé ṣe, ìdí nìyí tí dídí táyà kò fi ní àwàdà nínú. Ẹ gbé gíà sí òfo, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ irin sábẹ́ áàsù, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí diff-lock bá tú, ẹ ó lè fi ọwọ́ yí táyà náà. Bí ó bá wà ní dídì, á mì díẹ̀, kò ní yí. Bí ẹ bá ti fa ọ̀pá sí dídì tí táyà sì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iná tí kò tàn yẹn kò bà jẹ́ rárá. Òtítọ́ ló ń sọ: diff-lock yín kò wọlé. Fítà tó so wáyà pọ̀ sórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, awakọ̀ tó sì gbára lé iná náà á wọ ẹrẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdánilójú èké.

Bí diff-lock bá wọlé tí iná kò tàn, tí súìṣì sì yè, ẹ ti diff-lock pa, ẹ so súìṣì padà, ẹ máa yí i wọlé díẹ̀díẹ̀ títí iná á fi tàn, ẹ tún fi ìdajì yíyí kan lé e, kí ẹ wá fi nọ́ọ̀tì dì í. Sípánà nìkan ló ná yín. Kò sí ọjà Accra kankan nínú ìyẹn.

Àwíjàre kẹrin: "Iná yẹn máa ń parọ́. A tú diff-lock, kò kú." Nígbà mìíràn, omi àti ẹrẹ̀ máa ń wọ ẹnu wáyà, èyí sì lè tan iná láìnídìí, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe òótọ́ ló ń sọ. Bí ọkọ̀ bá ti rìn lórí ilẹ̀ líle pẹ̀lú diff-lock, irin inú á ti lọ́ mọ́ra débi pé eyín kò lè yọ bí ẹ tilẹ̀ dá ọ̀pá padà. Ẹ wa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ yí ìdarí sósì, ẹ yí i sọ́tùn-ún, eyín á tú, iná á kú. Iná tó kú báyìí kò parọ́ rí. Ẹni tó yọ gílóòbù rẹ̀ ló fi diff-lock dídì ránṣẹ́ sórí ọ̀dà.

Ti àwọn ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota tó ní diff-lock ẹ̀yìn, mọ́tò kékeré ló ń tì í wọlé. Iná á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú, nígbà tí súìṣì bá jẹ́rìí pé eyín ti wọ eyín ni yóò tó dúró. Ìwé ọkọ̀ náà sọ pé kí ẹ má sáré kọjá 8 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ẹ bá ń lò ó, kọ̀ǹpútà kì í sì í gbà kó wọlé bí ọkọ̀ kò bá sí nínú 4L, gíà fóò-wíìlì tó lọ́ra. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ wà nínú 4L? Súìṣì mìíràn ló sọ fún un. Bí ìyẹn bá kú, diff-lock tó dára pátápátá á kọ̀ láti wọlé, ẹnì kan á sì sọ áàsù odindi kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àìsàn: ẹ rọra wa ọkọ̀ síwájú, ẹ darí rẹ̀ díẹ̀ sósì sọ́tùn-ún kí eyín lè bọ́ sójú ara wọn. Ẹni tó bá sì so wáyà súìṣì pọ̀ lórí irú ọkọ̀ yìí ti purọ́ fún awakọ̀ àti fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á gbà pé differential ti dì nígbà tí kò dì. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, èyí tó láti pa ABS, ètò tí kì í jẹ́ kí táyà dì nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búrẹ́kì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Sagnarigu nìkan. Hilux tó ń ti Ṣakí wọ oko, tí wọ́n ń ra ẹ̀yà rẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Èkó, irú ìwòsàn kan náà ni wọ́n ń ṣe fún un. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹrẹ̀ àti ọ̀dà ti jọ ń gbé bí ti Sagnarigu, ìyà àṣìṣe náà kì í pẹ́ dé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ máa ti diff-lock pa, kí ẹ sì tú u, lẹ́ẹ̀kan lóṣù lórí ilẹ̀ rírọ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, kí ìdè rẹ̀ má baà dípẹtà. Kí ẹ sì wo iná nígbà méjèèjì. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Tamale Technical University àti ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ gbòmìnira bí kò bá lè fi mítà bi súìṣì léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ bi fítà yín ní ìbéèrè mẹ́ta: ibo ni àìsàn náà wà, kí lẹ fi mọ̀, ṣé diff-lock ń wọlé tó sì ń jáde lóòótọ́? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá so wáyà méjì pọ̀ tó sì ní ó ti parí, kò tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ má sanwó fún un.